Kàlòkàlò, Púùlù, Baba Ìjẹ̀bú: Ìtàn Tó Yẹ Ká Mọ̀ Kí Ilé Tẹ́tẹ́ Tó Wọ Àdúgbò

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí dátà rẹ̀ bá fẹ́ tán, kó tọ́jú rẹ̀ di alẹ́.

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sí wa láti Ṣakí, láti Ìṣẹ́yìn, láti Òkèhò. Ẹnì kan fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò, ó fẹ́ fi ṣe ilé tẹ́tẹ́. Ó ní òun á kó máṣíìnì sí i, òun á gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kọ́, bíi kasínò Èkó. Àwọn lándílọ́ọ̀dù kan ní kó máa bọ̀, àwọn kan ní kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Kí ni ìjọ sọ sí i? Ohun tí ọ̀pọ̀ ń retí ni pé ká ṣí Bíbélì, ká ka ẹsẹ kan, ká ṣe àmín, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Kò sí ẹsẹ kan tó dárúkọ tẹ́tẹ́ ní tààràtà pé ká má ta á. Ìṣẹ́ kèké wà nínú Bíbélì: kèké ni wọ́n ṣẹ́ kí wọ́n tó mú Mátíà, kèké náà ni àwọn ọmọ ogun ṣẹ́ lé aṣọ Olúwa wa lórí nídìí àgbélébùú. Ẹni tó fẹ́ jiyàn á mú ti Mátíà, á fi tàwọn ọmọ ogun sílẹ̀. A lè wàásù lórí ojúkòkòrò àti ìfẹ́ owó, a sì ti ń wàásù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpàdé lándílọ́ọ̀dù kì í ṣe ìsìn ọjọ́ Àìkú. Àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀, wọ́n sì pọ̀ gan-an nílẹ̀ wa. Ẹni tí kì í lọ síbì kankan náà wà níbẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn lè jọ jókòó gbọ́ ni ìtàn: bí nǹkan yìí ṣe dé, ta ló ń jẹ nínú rẹ̀, ta ló láṣẹ láti sọ pé rárá, ìgbà wo ló sì yẹ ká sọ ọ́.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ mọ́ òyìnbó. Àwọn baba wa ti ń ta tẹ́tẹ́ kí òyìnbó tó débí. Owó ẹyọ tí wọ́n fi ń nájà náà ni wọ́n fi ń ta á. Ohun tó yàtọ̀ nígbà yẹn ni ọ̀nà tí gbèsè ń gbà dé ilé. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹni tó jẹ gbèsè tí kò rí i san, olówó lè rán ológò sí i. Ológò á wá jókòó sínú agbo ilé, á máa bú wọn, á máa pariwo, á ní kí wọ́n wá nǹkan jíjẹ wá, á máa yọ gbogbo ilé lẹ́nu títí ẹbí á fi wá owó náà. Dídógò tini ni wọ́n ń pè é. Ẹlòmíì á fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ wọ ìwọ̀fà. Ọmọ náà á máa ro oko olówó, iṣẹ́ rẹ̀ ló dúró fún èlé, orí owó ò ní dín kọ́bọ̀ kan títí wọ́n á fi san án pé.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n tó rí àbúrò rẹ̀ nídìí tẹ́tẹ́ kò ní sọ pé "ayé rẹ̀ ló ń bà jẹ́." Ó mọ̀ pé ológò ò ní béèrè ẹni tó ta á kó tó jókòó. (Tẹ́ ẹ bá rò pé ológò ti kú, ẹ bi àwọn tó yá owó lórí fóònù tí wọn ò rí i san. Àwọn tó yá wọn lówó á kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá, sí àna, sí pásítọ̀, pé ọ̀bàyéjẹ́ ni. Wọ́n ti kọ irú rẹ̀ sí àwa náà nítorí ọmọ ìjọ.)

Tẹ́tẹ́ òyìnbó tó kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ láàárín wa ni púùlù. Ní 1923, ní Liverpool, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Moores àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dá Littlewoods sílẹ̀. Wọ́n ń tẹ kúpọ́ọ̀nù, ènìyàn á fàlà sí eré bọ́ọ̀lù tó rò pé ó máa parí sí ọ̀mì, á san owó, á máa retí Sátidé. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1960, ó ti gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ rántí. Bàbá tí kò kọjá Ìbàdàn rí láyé rẹ̀ á máa pe Darlington, á máa pe Stenhousemuir, bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ló ń gbébẹ̀. Tí wọ́n bá sinmi bọ́ọ̀lù ní ìlú òyìnbó, wọ́n á gbé e lọ sí ti Australia kí kúpọ́ọ̀nù má bàa dáwọ́ dúró. Ìdí púùlù yẹn ni Kessington Adébùtú, ọmọ Ìpẹru-Rẹ́mọ, ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí aṣojú ilé iṣẹ́ Face-to-Face. A ó tún padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kàlòkàlò dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Èkó nígbà tí owó epo ń dún, ẹ mọ̀ ọ́n: máṣíìnì onírin tí wọ́n ń gbé sí ilé ọtí, ènìyàn á sọ owó sí i, á fa apá rẹ̀, àwòrán á máa yí, owó á bọ́ tàbí kò ní bọ́. Ní 1977, lábẹ́ ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́, wọ́n ṣe òfin tó ka máṣíìnì tẹ́tẹ́ léèwọ̀. Òfin yẹn ṣì wà nínú àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2004.

Ibí la fẹ́ kẹ́ ẹ dúró díẹ̀. Ìjọba tó fòfin de kàlòkàlò kò fọwọ́ kan púùlù. Kí ló dé? Ohun tí àwa rí nínú rẹ̀ ni pé púùlù ń fúnni láyè. Ẹni tó ta á ní ọjọ́ Ajé ní ọjọ́ mẹ́fà tó fi máa lọ sóko kó tó mọ̀ bóyá ó jẹ tàbí kò jẹ. Máṣíìnì ò fún ẹnikẹ́ni ní ìṣẹ́jú kan. Ó gbé owó mì, ó tún la ẹnu. Kò béèrè bóyá o mọ̀wé, kò béèrè bóyá o mọ Darlington. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè tẹ̀ ẹ́. Tí ẹni tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù bá wá sọ pé bọ́ọ̀lù lásán ni, ẹ bi í pé máṣíìnì mélòó ló fẹ́ kó wọlé, torí kàlòkàlò ni ìyẹn, ì báà máa tan iná bíi ọjọ́ Kérésìmesì.

Ní 2001, Adébùtú dá Premier Lotto sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Baba Ìjẹ̀bú. Nọ́ńbà 1 dé 90 ló wà níbẹ̀, wọ́n á yọ márùn-ún. Irú tẹ́tẹ́ yìí ti pẹ́ láyé o. Ìlú Genoa ní Ítálì ló ti wá, ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń ṣẹ́ kèké láti fi mú ènìyàn márùn-ún sípò nínú ìjọba, àwọn aráàlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó jiyàn lórí orúkọ tó máa jáde. Bó ṣe di pé wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ nìyẹn, wọ́n mú nọ́ńbà. Àfáà kan tí a jọ ń ṣeré ní Ṣakí ló pe àkíyèsí wa sí nǹkan kan tó pa wá lẹ́rìn-ín: Kùránì, orí 5, ẹsẹ 90, ni òfin tó de tẹ́tẹ́ wà. Àwọn onílọ́tò náà ń pe tiwọn ní 5/90. Àfáà ní àwọn aráabí ló kọ́kọ́ gba nọ́ńbà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò, torí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ṣe é rí. Ẹni tó ta "two sure" mú nọ́ńbà méjì, méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú márùn-ún tó jáde. Tẹ́ ẹ bá so nọ́ńbà 90 pọ̀ ní méjì-méjì, ọ̀nà 4,005 ni wọ́n lè gbà so. Mẹ́wàá péré ló ń wọlé nínú gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ni pé nínú nǹkan bí 400, ọ̀kan. Owó tí wọ́n sì ń san fún ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni ìlọ́po 240. Ẹ kó ọlọ́kadà 400 jọ sí gáréèjì Ṣakí, kí oníkálukú fi ₦100 sílẹ̀. ₦40,000 ló wà nílẹ̀. Lójú ìṣirò, ẹnì kan ṣoṣo ló máa gba ₦24,000. ₦16,000 tó kù jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ti aṣojú, ti ìjọba. Kò sí màgòmágó níbẹ̀, kò sí jìbìtì. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni tó mọ ìṣirò lè rí i. Ẹni tó bá ń fi ₦500 ta á lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ₦156,000 ló ń kó síbẹ̀ lọ́dún. Tí a bá fi ìpíndọ́gba wò ó, nǹkan bí ₦62,000 nínú rẹ̀ ni kò ní padà wá. Ẹ fi wé owó ajílẹ̀ tẹ́ ẹ ń wá kiri nígbà tí àgbàdo bá ń pọ́n.

Kí a sì fi tìtì kún un: àwọn tó ń pe ara wọn ní wòlíì tó ń fún ènìyàn ní nọ́ńbà wà láàárín wa. Wọ́n á ní àwọn rí i lójú ìran. Ṣé ẹni tó rí nọ́ńbà lójú ìran ló yẹ kó máa tọrọ owó epo mọ́tò? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yá. Ní 2009, Akin Alabi dá NairaBet sílẹ̀. Lónìí, ó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábújá, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ní ìpínlẹ̀ wa yìí ló ń ṣojú fún láti 2019. Bet9ja tẹ̀ lé e ní 2013. Kúnlé Sónáméè tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ló ni Remo Stars, tó gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2025. Adébùtú náà ti fi owó ńlá tọrẹ fún ilé ìwòsàn àti fásitì. A ò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jà. Iṣẹ́ tí òfin gbà láàyè ni wọ́n ń ṣe. A kàn fẹ́ kẹ́ ẹ ṣàkíyèsí ibi tí pápá ìṣeré àti ilé ìwòsàn náà wà, kẹ́ ẹ sì ronú sí ibi tí ₦100, ₦200 ti ń ṣí wá. Títí di òní, a ò tíì rí èyí tó padà sí Tèdé tàbí Kíṣí.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó láṣẹ wá kàn. Ní 2005, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ṣe òfin National Lottery Act, ó fi ọ̀rọ̀ lọ́tò sábẹ́ àjọ kan l'Ábújá. Ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà. Ní 2008, ó gbé e lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó ní òfin ìpìlẹ̀ kò fún Ábújá lágbára lórí lọ́tò. Ẹjọ́ náà pẹ́ títí táwọn ènìyàn fi gbàgbé rẹ̀. Ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, 2024, àwọn adájọ́ méje fẹnu kò pé Èkó jàre. Wọ́n fagi lé òfin 2005 náà, wọ́n ní Ábújá nìkan ni ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ka ìròyìn yẹn bí ìjà owó orí láàárín olówó àti olówó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí, a ò ní tan ara wa. Ṣùgbọ́n ohun tó mú wá fún wa l'Ókè-Ògùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá lọ bi ẹnikẹ́ni, á ní ìwé àṣẹ òun ti Ábújá wá, ẹ máa lọ bá Ábújá sọ̀rọ̀. Ìdáhùn yẹn ò dúró mọ́. Ìbàdàn ló kàn báyìí, lọ́dọ̀ Oyo State Gaming Board àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wà ní Agodi. Aṣòfin 32 ló wà níbẹ̀. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, mẹ́wàá ló jẹ́ ti Òkè-Ògùn. Àwọn tí a dìbò fún ni wọ́n, a mọ ilé bàbá wọn. Ní 1916, Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò dìde torí wọ́n ń gbé àṣẹ àti ilé ẹjọ́ lé wọn lórí láti ibòmíì, ẹ̀jẹ̀ sì ta sílẹ̀. Ìran tiwa ò nílò ju bírò àti ìwé lọ.

Ìgbà tó yẹ ká sọ̀rọ̀ wá ńkọ́? Àwọn àdúgbò méjì nílùú òyìnbó la fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ, torí a rí i pé ọ̀kan sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, èkejì bá a lẹ́yìn òfin.

Ìjọba Tony Blair fẹ́ kọ́ kasínò ńlá kan ṣoṣo, irú èyí tí kò tíì sí rí ní ilẹ̀ wọn. Ní oṣù kìíní 2007, ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn mú ìlà-oòrùn Manchester, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré Manchester City tí àwọn ọmọ wa ń fi orúkọ rẹ̀ ta tíkẹ́ẹ̀tì lóde òní. Àdúgbò òtòṣì ni. Wọ́n ní ibẹ̀ ló dáa jù láti fi wò ó bóyá kasínò á tún ayé aráàlú ṣe tàbí á bà á jẹ́. Ẹ gbọ́ bí? Fi òtòṣì dán an wò. Àwọn kan nínú àdúgbò fẹ́ ẹ torí iṣẹ́, wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, Salvation Army àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ta kò ó. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹta, ilé aṣojú-ṣòfin gbà á, àmọ́ House of Lords kọ̀ ọ́, ìbò 123 sí 120. Ìbò mẹ́ta péré. Nígbà tí Gordon Brown gba ìjọba lọ́dún náà, ó jẹ́ kó kú sílẹ̀. Títí dòní, wọn ò kọ́ ọ.

Ti Newham ní London yàtọ̀. Ilé tẹ́tẹ́ ti kún òpópónà wọn kí wọ́n tó la ojú. Ní 2013, káńsù ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n kọ̀ láti fún Paddy Power níwèé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù tuntun kan. Ilé iṣẹ́ náà pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì borí lọ́dún náà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2005 ti sọ pé kí káńsù máa gbìyànjú láti fàyè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará wa tó ń gbé Peckham, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí, jẹ irú ìyà kan náà. Máṣíìnì inú ilé tẹ́tẹ́ wọn lè gba £100 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó di oṣù kẹrin 2019 kí ìjọba tó dín in kù sí £2, lẹ́yìn tí mínísítà kan ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ torí bí wọ́n ṣe ń fà á sẹ́yìn. Ẹ fojú inú wo owó tó ti lọ kó tó di ọjọ́ náà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn tó ní kó wá, torí wọ́n ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Opó kan tí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ ti wà ní títì láti ọdún tó kọjá bi wá pé: "Pásítọ̀, tí mi ò bá gbowó onítẹ́tẹ́, ṣé ìjọ á san owó iléèwé àwọn ọmọ mi?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá ní kí ó lé ayálégbé lọ, ẹ jẹ́ kó wá ayálégbé mìíràn fún un. Nínú ìjọ wa, a ti rí ẹni tó fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ilé ìránṣọ, a sì ń bá a sọ̀rọ̀ owó. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń sọ pé iṣẹ́ ni fún ẹni tó máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni, ènìyàn méjì lè rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka àwọn ọmọ Poly Òkè-Ògùn àti àwọn ọmọ LAUTECH ní Ìṣẹ́yìn tí owó oúnjẹ wọn máa gba ojú fèrèsé yẹn kọjá, kẹ́ ẹ fi wé méjì. Ẹlòmíì ní fóònù ti gbé tẹ́tẹ́ dé yàrá, kí la wá ń tìlẹ̀kùn sí? Kò burú. Àmọ́ ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ò ní fóònù, ó ní ẹsẹ̀ tó máa gbé e kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ohun tí a sọ fún àwọn tó bi wá nìyí. Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá kun ilé. Kí ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù pe ẹni náà sí ìpàdé, kó mú ìwé àṣẹ rẹ̀ látọ̀dọ̀ Gaming Board dání, kó sọ iye máṣíìnì àti agogo tó máa ń tì. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn iye ìṣísẹ̀ tó wà láàárín ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti iléèwé tó sún mọ́ ọn jù, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ìpàdé bá fẹnu kò pé ẹ ò fẹ́ ẹ, ẹ kọ lẹ́tà ojú ìwé kan, kí lándílọ́ọ̀dù, ìyálọ́jà, àfáà àti pásítọ̀ jọ fọwọ́ sí i; ìjọ nìkan kọ́. Ẹ̀dà kan á lọ sọ́dọ̀ Gaming Board n'Íbàdàn, ọ̀kan sọ́dọ̀ aṣòfin tó ń ṣojú yín ní Agodi, ọ̀kan sí ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀kan sí ààfin. Níbi kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sórí ẹ̀dà tiyín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ sì tọ́jú rẹ̀.